Ìlera Nínú Ilé: Eyín Tuntun àti Sùúrù Egungun

Bàbá kan ní Mọníyà níhìn-ín bi mí léèrè lẹ́yìn ìsìn pé: "Tíṣà, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí dókítà eyín ti yí ìṣó tí yóò gbé eyín tuntun ró sí mi ní àgbọ̀n. Kò dùn mí mọ́, kò sì mì. Kí ní ṣe tí wọ́n ní kí n má tíì fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹ eegun?"

Mo dáhùn pé: "Bàbá, àsìkò yìí gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra jù."

Ní ọdún 1952 ni Brånemark, oníṣègùn ará Swídìn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lára ehoro, ó sì rí i pé egungun a máa lẹ̀ mọ́ irin taiténíọ̀mù típẹ́típẹ́. Ní 1965 ni ó kọ́kọ́ fi irin náà gbé eyín ró fún ènìyàn.

Ẹ wo igi ìyèyè tí a rì mọ́lẹ̀ ṣe ọgbà. Ní ọjọ́ kìíní, ilẹ̀ tí a kì mọ́ ọn ni ó mú un dúró. Bí ewúrẹ́ bá ń fara nù ún kí ó tó ta gbòǹgbò, kò ní í mú. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣó eyín rí, àfi pé níhìn-ín egungun ni ó ń hù, kì í ṣe irin. Fífún tí ó fún ni ó kọ́kọ́ mú un dúró. Lẹ́yìn náà, ara a kó egungun tí ó fara gbọgbẹ́ kúrò, a sì fi tuntun tí ó ṣì rọ̀ dípò rẹ̀. Nítorí náà, láàrin ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, ti àtijọ́ ń lọ, ti tuntun kò sì tíì le. Bí a bá ń mì ín nígbà náà, ẹran rírọ̀ ni yóò hù yí i ká dípò egungun, ìṣó yóò sì yọ. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà kí ó tó le.

Erìgì a tètè jinná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n okùn ẹran tí ó wọ inú gbòǹgbò eyín àbínibí kò lè wọ inú irin. Ó kàn yí i ká ni. Nípa bẹ́ẹ̀ kòkòrò àrùn a tètè rí ọ̀nà wọlé, a sì jẹ egungun náà run lábẹ́lẹ̀. Kí a máa fọ ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, bí dókítà ti wí. Kí a jáwọ́ nínú sìgá. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ sì ṣọ́ ṣúgà ara rẹ̀, nítorí ìwọ̀nyí a máa fa ìjinná sẹ́yìn.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀kọ àti ẹ̀wà rírọ̀ ni òun yóò máa jẹ títí dókítà yóò fi fún òun láyè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.