Àmì lára ògiri nìkan kò tó
Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wó pa èèyàn 20 ní Ìta Fájì, nítòsí Pópó Àgùdà, lóṣù kẹta ọdún 2019, tí àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú rẹ̀, ìjọba Èkó ní àwọn ti fi àmì sí i tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn kò kó jáde. Ilé ẹbí ló pọ̀ ládùúgbò yìí. Ẹni tó ń gbowó ilé kì í sábà yẹ ògiri wò. Iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó kọ́ àbójútó ilé, tó mọ òfin ilé kíkọ́ àti òfin ayálégbé ọdún 2011. Ṣùgbọ́n kó tó ní kí ayálégbé kó jáde, kó ti mọ ilé tí apá onítọ̀hún ká. Ọdún 1955 ni LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀pọ̀ ni kò padà mọ́.