Ọkọ Kì í Ṣe Oko
Àwa tá à ń kọ sọ́fítíwia, ẹ jẹ́ ká yé parọ́ pé bákan náà ni gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń dín fọ́tò kù. Ẹ fi Nearest Neighbor dín fọ́tò ojú ìwé Yorùbá kù sí ìdámẹ́rin ní gígùn àti ní fífẹ̀: nínú píksẹ́lì 16, ẹyọ 1 péré ló ń mú, ó da 15 nù. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá bá wọn lọ, ọkọ di oko nìyẹn. Ta ló ń fẹ́ oko? Ó yára lóòótọ́, ó sì dáa fún àwòrán géèmù àtijọ́, àmọ́ kò dáa fún ìwé. Bicubic Sharper inú Photoshop máa ń ṣírò àwọn píksẹ́lì tó yíká pọ̀. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá, àwa la gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká yan èyí tó yẹ.