Nígbà Tí Ẹran Ọ̀sìn Ọmọ Bá Ń Ṣàìsàn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ẹran kékeré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní guinea pig ni. Ẹmọ́ òyìnbó ni a ń pè é nínú ilé tèmi, nítorí pé ó jọ ẹmọ́ oko wa, àfi pé kò ní ìrù. Òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní Peru, àti ní Kamẹrúùnù àti Kóńgò nílẹ̀ Áfíríkà, jíjẹ ni wọ́n ń sìn ín fún. Ní Houston níbí, àwọn ọmọ wa ń sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí òbí ń wò bí ẹran, ọmọ ń wò ó bí ẹbí; ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ní ọ̀kan. Ní ọjọ́ kan, ó ṣàkíyèsí pé ẹran náà ń ké nígbàkígbà tí ó bá ń tọ̀, pé ó ń ká ara jọ sí kọ̀rọ̀, àti pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Eku lásán ni, yóò san." Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ẹkún ọmọ kò jẹ́ kí n sinmi, mo mú amoxicillin tí ó ṣẹ́ kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe máa ń tọ́jú oògùn àṣẹ́kù pamọ́. Mo fẹ́ pò ó mọ́ omi fún ẹran náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Ìwé tí mo yá ní láíbìrì sọ pé ó lè pa á."

Inú mi ru. Kí ọmọ tí mo bí máa kọ́ mi ní oògùn! Mo ti fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n mo rántí pé nínú iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìdílé tí mò ń ṣe, ojoojúmọ́ ni mo ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó bínú. Mo gbé oògùn náà kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, oníṣègùn ẹranko sọ fún wa pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Bí a bá fún ẹmọ́ òyìnbó ní amoxicillin tàbí oògùn mìíràn tí ó jẹ́ ẹbí penicillin mu, yóò pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀. Àwọn búburú yóò gbilẹ̀, wọn yóò tu májèlé, ẹran náà sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Oníṣègùn yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó sì ya X-ray. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò àrùn ni, oògùn apakòkòrò tí kò ní pa á lára wà. Bí ó bá jẹ́ òkúta ni, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Nínú ti wa, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ kàn ń wú ni, àìsàn tí ń lọ tí ń bọ̀. Ènìyàn pàápàá ń ní irú rẹ̀: ní 1996 ni àjọ FDA fọwọ́ sí oògùn Elmiron fún ìrora rẹ̀.

Oníṣègùn fún wa ní meloxicam fún ìrora, ó sì fi abẹ́rẹ́ Adequan kún un. Ẹṣin àti ajá tí oríkèé ń dùn ni wọ́n ṣe Adequan fún. Àlàyé rẹ̀ ni pé ohun kan tí ń yọ̀ wà lára ògiri inú àpò ìtọ̀, tí ó bá èyí tí ó wà nínú oríkèé tan. Bí ó bá fẹ́lẹ́, ìtọ̀ yóò máa ta ògiri náà bí ata ṣe ń ta egbò. Wọ́n gbà pé abẹ́rẹ́ yìí lè ràn án lọ́wọ́. Oníṣègùn náà kò tàn wá: ó ní ìwádìí lórí rẹ̀ kò pọ̀, pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dì, àti pé ìtura ni kí a máa retí, kì í ṣe ìwòsàn pátápátá.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fa awọ èjìká sókè tí a sì ń gún abẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ mi fi táwẹ́ẹ̀lì wé ẹran náà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rọra, ẹ ti ń ṣe dáadáa." Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún un nígbà tí òun bá ń gba abẹ́rẹ́ gan-an nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ní owó tí a ná tó ra ewúrẹ́ ní Ìbàdàn. Òun náà ni ó ń ra koríko rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní irú ẹran yìí, ẹ gbọ́. Koríko gbígbẹ timothy ni kí ó máa jẹ, kì í ṣe alfalfa, nítorí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú alfalfa. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n ọn. Ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ẹ máa gé tàtàṣé tútù fún un. Ẹ má jẹ́ kí ooru Houston pa á. Inú ike líle tí ó ní ìdérí ni kí ẹ máa ju abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò sí. Kì í ṣe gbogbo oníṣègùn ajá ni ó mọ ẹran yìí, nítorí náà ẹ wá èyí tí ó mọ̀ ọ́n kí àìsàn tó dé. Ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Texas A&M ní College Station náà ń tọ́jú irú wọn.

Ẹran wa kò tíì san tán. Ó ń jẹun, ó ń sáré, ní ọjọ́ mìíràn ó tún ń ké. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, bí àwọn àgbà wa ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru lọ.

Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi pa ohun tí ọmọ mi fẹ́ràn, kí ọmọdé má baà tọ́ mi sọ́nà. Ọmọ tí ó kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ kò tàpá sí àṣà wa. Bí kò bá lè bá mi sọ ọ̀rọ̀ ẹmọ́, báwo ni yóò ṣe bá mi sọ èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá dẹ́rù bà á ní ilé ìwé? Àwọn baba wa ti wí i pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi dá ilé wa ní Houston náà.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.