Ta Ló Láṣẹ Láti Béèrè Ìwé Ìgbélùú?

Nínú ìbò ọdún 2024, ẹgbẹ́ òṣèlú ANC kò rí ìdajì ìbò kó ní South Africa. Nínú ìjọba àjùmọ̀ṣe tó tẹ̀ lé e, Leon Schreiber ti ẹgbẹ́ DA di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí ọ̀rọ̀ wíwọ̀lú àwọn àjèjì wà lábẹ́ rẹ̀. Herman Mashaba, olórí ìlú Johannesburg tẹ́lẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú ActionSA sílẹ̀, fẹ́ kí òfin wíwọ̀lú túbọ̀ le; Julius Malema ti ẹgbẹ́ EFF ti ń pariwo pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè fún ọmọ Áfíríkà.

Aláìsàn ni ìyà ìjà lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì yìí ń jẹ. Operation Dudula, ẹgbẹ́ tó ń tako àwọn àjèjì, ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n ń béèrè ìwé ìgbélùú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ní Johannesburg ní wọn kò láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ òdodo ni. Kí àwọn ọlọ́pàá mú un ṣẹ.