Ta Ni Yóò Lọ Kọ́ Ohùn?

Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ẹ̀kọ́ fíìmù lókè òkun ni wọ́n fẹ́ wọ̀ láti gboyè máàsítà. Mo kà á tán, inú mi ò dùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ di olùdarí fíìmù, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu ba ohùn. Mo pe ọ̀kan nínú wọn, mo bi í léèrè. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bàbá. Tá a bá ti dé ìdí kọ̀ǹpútà, a máa tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá ariwo jẹnẹrétọ̀ tó ń bo ohùn mọ́lẹ̀ nínú fíìmù wa jà. Mi ò yéé wí i: etí la fi ń wo fíìmù Yorùbá.

Mo fẹ́ pín ọ̀rọ̀ tòní sí mẹ́ta: owó, ohun tó yẹ kí wọ́n lọ kọ́, àti físà.

Ká mú owó. Ọdún méjì ni máàsítà ṣíṣe fíìmù ní London Film School, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ọdún kan ni ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Chevening tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni wà fún. Nítorí náà, àpò ẹbí lọ̀pọ̀ ń gbójú lé. Yàtọ̀ sí owó ilé ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ àti ilé oṣù 9 gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko kí físà tó jáde. Àwọn kan ti ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Tí wọ́n bá ta ilẹ̀ bàbá rẹ kí o lè lọ, kí lo máa kó bọ̀ wálé?

Tẹ́ẹ̀mù mẹ́fà ni wọ́n ń lò ní London Film School, fíìmù ni wọ́n sì ń ṣe ní tẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ń yípo: ẹni tó darí lónìí lè di ẹni tó ń gbé máìkì lọ́la. Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù Yorùbá, kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kámẹ́rà ló sì kọ́kọ́ gbé fún àwọn ẹlòmíràn kó tó dá Mainframe, ilé iṣẹ́ fíìmù rẹ̀, sílẹ̀. Ní National Film and Television School tó wà ní Beaconsfield, máàsítà wà fún ohùn nìkan. Ẹ tún un kà, ẹ̀yin ọmọ mi: ohùn nìkan.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ wo fíìmù tuntun kan ní sinimá. Àgbàlagbà kan ń pòwe fún ọba, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé. Mo gbójú sí ìsàlẹ̀ àwòrán, mo ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó mọ ohun tí Yorùbá ń sọ fún Yorùbá. Obìnrin tó jókòó tì mí náà ń kà á.

Ta ni yóò kà á fún ìyá mi? Ọdún mẹ́rin tó lò kẹ́yìn láyé, ojú rẹ̀ ti lọ. Alaalẹ́ ló ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, tó ń bi mí pé, "Kí ló wí?" Lálẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan nínú fíìmù figbe ta pé nǹkan òun ti lọ. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú: "Ọkọ ni àbí ọkọ̀?" Èmi náà ò gbọ́. Inú yàrá lobìnrin náà wà, kò sóhun tí mo lè fojú rí tó máa là mí lóye. Màmá dìde, ó wọlé lọ sùn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ó ṣì ń dùn mí.

Kọ̀ǹpútà wo ló máa tún ìyẹn ṣe? Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Iná jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kíkùn rẹ̀ sì ń dé 100 àti 150, níbi tí ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà gan-an. Tó o bá gé ariwo náà dànù, o ti gé lára ohùn bàbá tó ń pòwe. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn lè gòkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní torí ẹ̀ di ọ̀rọ̀ mìíràn. Olùkọ́ tó wà lọ́hùn-ún á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé máìkì sún mọ́ ẹnu. Á kọ́ ọ pé kí ẹ tó kúrò nínú yàrá kan, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Àmọ́ àmì ohùn, ìwọ lo máa gbé e lọ bá a.

Ọ̀rọ̀ físà ló kù. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ ka máàsítà inú kíláàsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè kó aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́ta, lẹ́tà yín ṣì wà lórí tábìlì mi. Ẹ lọ tún un kọ. Ẹni tó bá kọ ohùn sínú tirẹ̀, kó fi ránṣẹ́ padà sí mi. Alẹ́ ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ mi ni n óò kà á.