Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀ Oníná, Ẹ Wo Wáyà Ilé Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti ìdìbò ẹ̀ka wa. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni, ó sì kan àwa àti àwọn ọmọ wa.

Gbogbo wa la mọ̀ pé láti ọjọ́ 29 oṣù May, ọdún 2023, tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, epo ti di ẹrù lórí òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará wa kan fi ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láti fi ra kẹ̀kẹ́ oníná àti ọ̀kadà oníná, tí àwọn mìíràn sì ń dá owó jọ fún mọ́tò oníná àlòkù. N kò bá wọn wí. Ọkọ̀ oníná kì í mu epo, kì í rú èéfín, kì í sì í pariwo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í bèèrè títí owó yóò fi kúrò lọ́wọ́ wa: níbo ni ọkọ̀ yìí yóò ti máa gba iná, wáyà wo ni yóò sì gbé iná náà dé ibẹ̀?

Mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ará wa ra kẹ̀kẹ́ oníná. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé onídùúró rẹ̀. Mo bèèrè iye tí ó jẹ́, mo bèèrè oṣù tí yóò fi san án tán, n kò bèèrè wáyà. Èmi tí mo ti lé ní ogún ọdún nídìí àtúnṣe iná ní iléeṣẹ́! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni ó ń gbé, mítà iná kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Ó fa ẹ̀kítẹ́ńṣàn gba ojú fèrèsé jáde sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó fi í sí, ara wáyà gílóòbù ni ẹnìkan ti já a nígbà kan rí, wáyà 1.5 lásán. Orí wáyà yẹn kan náà ni fíríìsà ẹni tó ń ta omi tútù wà. Ibẹ̀ náà ni ìyá onímọ́ínmọ́ín ti ń lo sítóòfù oníná rẹ̀ lóru. Ní nǹkan bí aago méjì òru ni ìyá náà gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́ bí àbẹ́là, ògiri ti dúdú, ẹní tí àwọn ọmọ mẹ́ta sùn lé lórí kò sì jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pè mí, tí mo ṣí àpótí fíùsì, ìṣó ni mo bá níbẹ̀ dípò fíùsì.

Wọ́n máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé òṣìṣẹ́ tó bá jó ńkọ́? Ta ni yóò bá a kọ́ òmíràn?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni, kò le. Ẹ fi fólítì lọ́nà ámpíà, wáátì ni ẹ óò rí. Ṣájà kẹ̀kẹ́ yẹn ń fa nǹkan bí 5 ámpíà. Sítóòfù 2,000 wáátì ń fa nǹkan bí 9 ámpíà lórí iná 230 fólítì. Ẹ fi ti fíríìsà kún un, ó ti ju 15 lọ, lórí wáyà gílóòbù tí a máa ń fi fíùsì 5 tàbí bírékà 6 ámpíà ṣọ́. Bí fíùsì gidi bá wà níbẹ̀, ìbá ti já kí ohunkóhun tó gbóná. Ìṣó kì í já.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí áyọ́ọ̀nù náà ń fa iná, kò sì jó ilé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù a máa gbóná, a tún máa já ara rẹ̀, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ ti lọ aṣọ yín tán. Ọkọ̀ oníná kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fa iná láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ láìsinmi, ibikíbi tí wáyà bá sì ti dẹ̀ tàbí tí ó tínrín ni yóò ti máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Nítorí èyí ni òfin wáyà ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi sọ pé ohunkóhun tí yóò bá fa iná fún wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fi ìdámẹ́rin kún un nígbà tí a bá ń yan wáyà àti bírékà. Ṣájà tó bá ń fa 32 ámpíà, 40 ámpíà ni a óò ṣe ètò rẹ̀ fún. Ọgbọ́n tó dára ni, ó yẹ kí a mú un lò.

Ó dára, ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò oníná ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ gba 40 yúnìtì, bí irú Nissan Leaf kan. Bí ẹ bá fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 ámpíà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fa ju 10 lọ ní gbogbo òru. Ìyẹn jẹ́ 2,300 wáátì, bátìrì tó ti tán pátápátá yóò sì lo ju wákàtí 17 lọ kí ó tó kún. Ṣájà ara ògiri tó ń fa 32 ámpíà jẹ́ 7,360 wáátì, yóò ṣe é láàárín wákàtí 5 sí 6 bí ọkọ̀ náà bá lè gbà á. Ìyàtọ̀ yìí ni olùtajà máa ń fi han ènìyàn. Ohun tí kì í sọ ni iṣẹ́ wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èkíní, ẹ wo ojú mítà iná yín, kí ẹ ka iye ámpíà tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 60, tí ṣájà gba 32, 28 ló kù fún gbogbo ilé. Ẹ ṣírò sítóòfù, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí ẹ wò ó bóyá ó tó. Ní ilé oníyàrá mẹ́jọ tó ní mítà kan, kò tó, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀.

Èkejì, ṣájà gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀, láti bọ́ọ̀dù bírékà tààrà dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró. Kò gbọdọ̀ sí gílóòbù, kò gbọdọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí wáyà yóò ṣe nípọn tó. Àwọn tí ó kọ ìwé ìlànà wáyà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a fi kọ́ṣẹ́, ìgbóná afẹ́fẹ́ 30 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò wọn. Níbi tí ó bá ti gbóná dé 40, bíi inú àjà páànù tiwa lọ́sàn-án, wọ́n ní kí a fi 0.87 lọ́nà iye tí wáyà lè gbé. Wáyà tó ń gbé 40 ámpíà yóò di ẹni tí kò gbé ju 35 lọ. Ẹ tún wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bí láti bọ́ọ̀dù dé ẹnu géètì bá jẹ́ 50 mítà, wáyà 6 yóò pàdánù nǹkan bí 11.7 fólítì sọ́nà lórí 32 ámpíà, bẹ́ẹ̀ ìlànà kò fẹ́ ju 11.5 lọ. Wáyà 10 kò ní pàdánù ju nǹkan bí 7 lọ. Nítorí náà, nítòsí, wáyà 6 lè tó bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i. Bí ó bá jìn, tàbí tó bá gba inú páìpù nínú ògiri tàbí inú àjà, 10 ni kí ẹ rà, kí ó sì jẹ́ ojúlówó bàbà. Wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Ẹ̀kẹrin, ààbò. Yàtọ̀ sí bírékà, ẹ gbọ́dọ̀ ní RCD, èyí tí ń já iná kíákíá bí iná bá ń jò gba ara ènìyàn lọ sí ilẹ̀. Èyí tí yóò já ní 30 mìlíámpíà ni kí ẹ bèèrè. Kí oníṣẹ́ iná yín sì rí i pé ó jẹ́ irú tó bá ọkọ̀ oníná mu, nítorí iná irú ti bátìrì lè jò wá láti ara ọkọ̀, ó sì lè dí RCD lásán lójú tí kò fi ní já mọ́. Lẹ́yìn náà, wáyà ilẹ̀ tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni irin ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jẹrà, tàbí tí kò tilẹ̀ sí rárá. Bí ṣájà bá yẹ̀ ẹ́ wò tí kò rí ẹ́ẹ̀tì, tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníwáyà kankan fọgbọ́n tàn án. Ẹ̀mí yín ni ó ń ṣọ́.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan ní mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wáyà dí tálákà lọ́nà, pé owó bàbà pọ̀ ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Mo gbọ́ wọn. Owó bàbà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí gbogbo wa ní ṣájà 32 ámpíà. Ẹ fa wáyà tirẹ̀ fún ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa fa 10 ámpíà péré. Láàárín wákàtí 8, ó ti gba bí 18 yúnìtì. Ọkọ̀ kékeré a máa rìn tó kìlómítà 5 lórí yúnìtì kan, ìyẹn bí 90 kìlómítà. Mélòó nínú wa ló ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójúmọ́? Ìjẹ̀lẹ́ńkẹ́ náà ń débi tó ń lọ. Ẹ̀yin ọlọ́kadà sì tún ní ọ̀nà mìíràn. Ní Kútọnu àti Lómè, àwọn ọlọ́kadà oníná ń pààrọ̀ bátìrì tó ti tán sí èyí tó kún ní ibùdó tí a yà sọ́tọ̀, tí wọn kò sì nílò láti fa wáyà kankan wọ yàrá.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa jẹ́ mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi owó wáyà kún owó ẹ̀yáwó ọkọ̀ oníná, kí a má sì san kọ́bọ̀ fún olùtajà títí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA yóò fi yẹ ilé náà wò. Kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe ibi tí òṣìṣẹ́ yóò ti máa fi iná sí ọkọ̀ nínú ọgbà, níbi tí tìráfọ́mà àti bírékà gidi wà, nígbà tí a bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí a sì ṣe ìwé àdéhùn kan tí ayálégbé lè gbé tọ onílé lọ, kí owó tí ó fi fa wáyà sínú ilé onílé lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilé.

Ní tèmi, n kò ní fọwọ́ sí ìwé onídùúró ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ lọ wo àpótí fíùsì rẹ̀. Bí ẹ bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà yín pẹ̀lú tẹ́sítà lọ́wọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ẹní àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ló ń lé mi kiri.

Ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, ẹ wá sọ tẹnu yín. Ìṣọ̀kan wa ni agbára wa.