A Ti Ra Ilẹ̀, Wọ́n Tún Ń Gba Owó Òrùlé

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́lé rí nílùú Èkó mọ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ẹ ti ra ilẹ̀, ẹ ti gba rìsíìtì, síbẹ̀ wọ́n á wá gba owó ìpìlẹ̀. Bí ògiri bá ga dé ibi tí wọ́n ń da dẹ́kìn, wọ́n á tún yọjú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan páànù, wọ́n lè ti dé ibi iṣẹ́ kí káfíńtà tó dé. Gbogbo wa la máa ń bú wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ṣe òfin nítorí wọn ní 2016. Àmọ́ tí iléeṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwíà bá ṣe ohun tó jọ ọ́ sí wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó wá dọ́là kiri, a ó san án, a ó sì máa pè é ní ìdàgbàsókè.

Sọ́fítíwíà tí a fi ń gbé gbàgede ìjíròrò kalẹ̀ ni mo ń sọ: ibi tí àwọn ọmọ iléèwé kan náà, àwọn ògbufọ̀, àwọn àgbẹ̀ tàbí àwọn òǹkọ̀wé ti ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀, tí ìdáhùn sì ń dúró síbẹ̀ lábẹ́ àkọlé rẹ̀ fún ẹni tó máa wá a lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiwa, kó lọ wo Nairaland tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005. Èrò mi kò lọ́jú pọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun pẹ́ láyé kò gbọdọ̀ kọ́ gbàgede rẹ̀ sórí sọ́fítíwíà tí ìwé-àṣẹ rẹ̀ kò ṣeé fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gba owó tuntun lórí gbogbo ẹ̀dà tuntun. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ kan máa bínú sí mi. Kí wọ́n bínú.

Bí a bá san 200 dọ́là fún irú sọ́fítíwíà yìí, a kò ra sọ́fítíwíà. Àyè láti lò ó la rà. Nínú àdéhùn gígùn tí gbogbo wa máa ń tẹ “mo gbà” sí láìkà á, ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó sanwó nìkan ló ni àyè yìí, pé orí ìkànnì kan ṣoṣo ló ti lè lò ó, pé kò lè gbé e fún ẹlòmíì àfi bí iléeṣẹ́ bá fọwọ́ sí i, àti pé òfin ìlú iléeṣẹ́ náà ni wọn yóò fi dá ẹjọ́ bí ìjà bá dé. Àwọn bàbá wa mọ irú àdéhùn yìí. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ máa ń gbé iṣu tàbí owó lọ fún un lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ àtijọ́ sàn ju èyí lọ, nítorí bí àgbẹ̀ náà bá kú, níbi púpọ̀, ọmọ rẹ̀ lè máa dáko náà lọ bó bá ṣáà ti ń san ohun tí bàbá rẹ̀ ń san. Onílẹ̀ kì í sọ fún un pé ímeèlì bàbá rẹ̀ nìkan ni òun mọ̀.

Ẹ wo ìtàn vBulletin. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ gbàgede ńláńlá lágbàáyé ń lò. Iléeṣẹ́ kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jelsoft, ló ń tà á. Ẹni tó bá ra ìwé-àṣẹ lè máa san owó díẹ̀ lọ́dọọdún láti gba ẹ̀dà tuntun. Bí kò bá san, yóò máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2007, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Internet Brands, ra Jelsoft. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2009, tí ẹ̀dà kẹrin fẹ́ jáde, wọ́n yí àdéhùn padà: ẹ̀dà ńlá kọ̀ọ̀kan wá ní iye owó tirẹ̀. Ẹni tó ti ń san owó ọdọọdún láti ọjọ́ pípẹ́ gbọ́ pé òun tún gbọ́dọ̀ ra ẹ̀dà kẹrin. Ariwo sọ. Àwọn tó kọ kóòdù náà gan-an kò dúró: Kier Darby àti Mike Sullivan, tí wọ́n wà lára àwọn olórí tó kọ vBulletin, kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé XenForo jáde ní 2010. Internet Brands pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní California. Ó di 2013 kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó ni gbàgede ni wọ́n fi sí àárín: ṣé kó san owó ẹ̀dà kẹrin ni, àbí kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́?

Àwọn kan á ní kí a jókòó sórí ẹ̀dà àtijọ́, kí a má san nǹkan kan. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ tú àṣírí ihò kan nínú vBulletin 5 síta, ihò tó jẹ́ kí àjèjì lè pàṣẹ fún sáfà láìní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iléeṣẹ́ náà gbé àtúnṣe jáde fún ẹ̀dà 5.5.2, 5.5.3 àti 5.5.4. Ẹni tó bá wà lórí ẹ̀dà tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, kó kọ́kọ́ lọ gba tuntun. Àwọn ọ̀daràn gba ihò yẹn wọ gbàgede Comodo, iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé ààbò orí kọ̀ǹpútà gan-an ni ọjà tó ń tà. Ẹ̀dà tuntun kì í ṣe aṣọ ọdún. Ilẹ̀kùn ilé ni.

Dọ́là la sì fi ń ra ilẹ̀kùn náà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, 200 dọ́là kò tó 95,000 náírà ní iye tí báńkì ń pè é. Nígbà tí oṣù kejì 2024 fi ń parí, ó ti kọjá 300,000, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ṣì jẹ́ 30,000. Owó oṣù mẹ́wàá nìyẹn, nítorí kí ẹgbẹ́ kan lè máa bára wọn sọ̀rọ̀! Kí á tilẹ̀ ní owó náà wà: ní 2022, àwọn báńkì Nàìjíríà kan dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn míì sì dá a dúró pátápátá. Ní Ghana, cedi tó wà ní nǹkan bíi mẹ́fà sí dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ti kọjá mẹ́tàlá kí ọdún náà tó parí. (Ará Cotonou àti Lomé lè rọra rẹ́rìn-ín, yúrò ni wọ́n so CFA tiwọn mọ́. Àmọ́ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín jù.)

Ti pé ìwé-àṣẹ kò ṣeé fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ojú mi ló ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà ní gbàgede kan tí àwa ògbufọ̀ èdè Áfíríkà ti ń bára wa jà lórí ọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí iyàn ọjọ́ mọ́kànlá lórí bóyá “àjẹsára” yẹ kó dúró fún abẹ́rẹ́ nìkan, àbí fún agbára tí ara ní láti bá àìsàn jà pẹ̀lú. Àwọn ògbufọ̀ Haúsá àti Ewe dá sí i, kálukú sọ bí wọ́n ṣe tú u nílé wọn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló dá gbàgede náà sílẹ̀, owó ara wọn ni wọ́n sì fi ra ìwé-àṣẹ. Nígbà tí bàbá kú, a dáwó jọ, a kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ta sọ́fítíwíà náà. Wọ́n dá wa lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: kí ẹni tó ni ímeèlì tí wọ́n fi ra ìwé-àṣẹ kọ̀wé pé òun fà á lé wa lọ́wọ́. A ní wọ́n ti kú. Wọ́n ní ó dára, kí ẹni tí ilé ẹjọ́ yàn láti bójú tó ogún wọn kọ ọ́. Àwọn ọmọ bàbá wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ilé ni wọ́n ń bára wọn fà. Ta ló máa rántí ìwé-àṣẹ? Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fi wá kọ̀wé, iléeṣẹ́ ní ẹ̀dà tí bàbá ń lò ti di àtijọ́, àwọn kì í gbé irú rẹ̀ fún ẹlòmíì mọ́, kí a ra tuntun. Kí a tó rí dọ́là náà kó jọ, owó sáfà ti tán, wọ́n sì ti pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún tí mo ti tẹ̀ sórí bébà nítorí iṣẹ́ mi nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó jà wá lólè. Gbogbo ẹni tó dá wa lóhùn ló tẹ̀lé àdéhùn. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Kì í sì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni òfin gbọ́dọ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Timothy Vernor ra AutoCAD àlòkù, ó fẹ́ tà á lórí eBay, Autodesk ní kò gbọdọ̀ tà á. Ní oṣù kẹsàn-án 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Autodesk láre: ìwé-àṣẹ ni ẹni tó kọ́kọ́ rà á gbà, kò ni ẹ̀dà náà, kò sì lè tà á. Ní oṣù keje 2012, ilé ẹjọ́ gíga àjọ ilẹ̀ Yúróòpù sọ òdìkejì nínú ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle: bí iléeṣẹ́ bá ti gbowó fún ìwé-àṣẹ tí kò ní ọjọ́ ìparí, kò lè ní kí ẹni tó rà á má tà á fún ẹlòmíì, bó bá ṣáà ti pa ẹ̀dà ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́. Àwa tó wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò sí nínú yàrá méjèèjì, àmọ́ àdéhùn tí wọ́n kọ fún òfin Amẹ́ríkà la ń tẹ “mo gbà” sí.

Àwọn kan ti ní ọ̀nà àbáyọ: kí a wa ẹ̀dà tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ fún yín lè ti fi ọ̀kan pa mọ́ sápò ara rẹ̀. Àwọn míì ní WhatsApp ti tó. Ẹ wá ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun ló jiyàn ìṣèlú tó gbóná lórí Yahoo Groups. Ní 2019 Yahoo kéde pé òun máa pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, nígbà tó sì di oṣù kejìlá 2020, wọ́n ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ pa pátápátá.

Èyí tó yẹ ká dáhùn ni ti àwọn tó ní ẹni tó ń kọ kóòdù gbọ́dọ̀ jẹun. Òótọ́ ni. Èmi náà, ọ̀rọ̀ kíkọ ni mo fi ń jẹun, mi ò sì fẹ́ràn ẹni tó bá ní kí n kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ìwé mi lè fi jogún fún ọmọ rẹ̀, kó sì má sọ fún mi. Ẹ jẹ́ ká sanwó fún iṣẹ́, ká má sanwó fún okùn tí wọ́n so mọ́ wa lọ́rùn.

Sọ́fítíwíà tí kò ní okùn kì í ṣe àlá. phpBB ti wà láti 2000, Discourse láti 2013. Abẹ́ ìwé-àṣẹ GPL ni méjèèjì wà. Ohun tí GPL sọ ni pé ẹnikẹ́ni tí ẹ̀dà bá tẹ̀ lọ́wọ́ ti gba àyè láti lò ó, láti yí i padà, láti pín in, tààrà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ ọ́. Kò sí pé à ń bẹ ẹnikẹ́ni kó fà á lé wa lọ́wọ́. Bí bàbá olùkọ́ yẹn bá ti lo irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà nìkan ni à bá máa wá. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: owó sáfà wà, ẹni tó máa bójú tó o gbọ́dọ̀ wà. Àmọ́ ẹ lè san owó yẹn fún ọmọ kan ní Ìbàdàn tàbí Kumasi, ní náírà tàbí ní cedi, bí kò bá sì ṣe é dáadáa, ẹ gbé e fún ẹlòmíì. Kí orúkọ ìkànnì wà lórúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ti alága. Kí ẹ̀dà àkójọ ọ̀rọ̀ wà níbi méjì ó kéré tán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń dáwó ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́, nítorí ẹgbẹ́ méjì ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí mi lọ́dún yìí. Kí ẹ tó san án, ẹ ní kí akápò mú àdéhùn náà wá sí ìpàdé, kó ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gbígbé ìwé-àṣẹ fún ẹlòmíì sókè, kó sì sọ orúkọ ta ni wọ́n fi rà á.